Ẹ Má Fi Iná Wo Ẹsẹ̀ Tí Ó Ń Jó

Nínú ìtẹ̀jáde ìwé àtìgbàdégbà ẹ̀ka wa tí ó jáde kẹ́yìn, akẹgbẹ́ mi kan kọ àpilẹ̀kọ gígùn láti fi yin oògùn ìbílẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa, Yorùbá rẹ̀ já gaara, mo sì gbóríyìn fún un lójúkojú. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Ó ní ohun tí Ọlọ́run fi sínú igbó kò lè pa ọmọ ènìyàn lára, pé oògùn òyìnbó nìkan ni ó ń ba ara jẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹnìkan tilẹ̀ kọ ọ́ sára pátákó ìkọ̀wé ní kíláàsì wa, ó sì wà níbẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ bá jà, kì í ṣe ẹni tí ó kọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo jẹ́ ọmọ tí ó kẹ́gàn ewé. Àgbo ni wọ́n fi wẹ̀ mí dàgbà, mo sì mọ adùn ọbẹ̀ ewúro ju bí mo ti mọ adùn ìrẹsì lọ. Ohun tí mo mọ̀ tí akẹgbẹ́ mi kò mọ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ ìyá mi. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Gàrí ni ìyá mi ń yan ní ìlú wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ọdún kẹfà nìyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Lọ́sàn-án, bí ó bá wà nídìí agbada, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ilé pa rọ́rọ́, ìyọnu dé nìyẹn. Yóò ká aṣọ ìbora kúrò lẹ́sẹ̀, nítorí pé bí etí aṣọ lásán bá fara kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò ké bí ẹni tí a fi abẹ ya lára. Yóò sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, yóò gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé sìmẹ́ńtì tútù. Èmi àti àbúrò mi a máa gbọ́ ọ bí ó ti ń rìn káàkiri pálọ̀ ní aago méjì òru. "Ó ń jó mi," ni yóò wí. "Ó ń ta mí. Ó ń gún mi bí ẹni pé mo tẹ ẹ̀gún." Nígbà mìíràn ó ní èèrùn ń rìn lábẹ́ awọ òun. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ní ó ń ṣe òun bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ lásán ni ó wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá wọn.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ni a kọ́kọ́ lọ. Ìyá mi ro ẹjọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti rò ó yìí. Ẹni tí ó jókòó sídìí tábìlì gbọ́ Yorùbá bí èmi àti ẹ̀yin ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì péré ni ó kọ sínú káàdì, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju "ẹsẹ̀ dídùn" lọ. Ó fún un ní oògùn ara ríro àti fítámì, ó ní kí ó máa sinmi. Kò sí ẹni tí ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ náà. Kò sí ẹni tí ó wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí oògùn tán tí iná kò kú, a kò padà síbẹ̀ mọ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe di ti gbogbo àdúgbò. Ẹnìkan ní làkúrègbé ni. Òmíràn ní ooru agbada gàrí ni ó wọ inú egungun rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ti àwọn yòókù lọ, ní ìyá mi tẹ nǹkan ni, pé wọ́n da oògùn sílẹ̀ dè é ní ẹnu ọ̀nà ọjà. Ta ni ó dà á sílẹ̀? Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí orúkọ kan dá: ìyá kan tí òun àti ìyá mi ti jọ ń ta gàrí láti ìgbà tí èmi kò tíì lè rìn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì kò ti kí ara wọn mọ́, títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo ka èyí mọ́ ara ìpalára tí oògùn tí a kò yẹ̀ wò ń ṣe, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé dókítà kankan.

Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Wọ́n fi àdí àti òrí pa á lẹ́sẹ̀. Èyí kò ṣe é ní ibi, ó tilẹ̀ mú awọ rẹ̀ rọ̀. Wọ́n gbé egbò igi tí a rẹ sínú ògógóró fún un, ife kékeré kan ní òwúrọ̀, òmíràn ní alẹ́. Ìyá mi tí kì í fi ẹnu kan ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í rùn fún ọtí lójoojúmọ́. Níkẹyìn, ẹnìkan tí ó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn ní gáréèjì sọ fún un pé òtútù ni ó mú iṣan rẹ̀, pé kí ó máa fi bíríkì gbígbóná lé òtútù náà jáde ní alaalẹ́. Ìyá mi gbé bíríkì sí ìdí iná agbada, ó fi aṣọ wé e, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó sì sùn lọ.

Ní òwúrọ̀, àbúrò mi ni ó kọ́kọ́ rí i. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ti bó. Ìyá mi kò mọ̀; ó ń bi wá léèrè ohun tí ó ń rùn nínú yàrá.

Egbò náà kọ̀, kò jinná. Nígbà tí a fi dé ilé ìwòsàn ńlá, tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó jẹun ní òwúrọ̀, ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ 19. Bí ó bá ti tó 7.0 lára ẹni tí kò tíì jẹun, tí wọ́n sì tún un wọ̀n tí kò yí padà, àrùn àtọ̀gbẹ ni àwọn dókítà ń pè é. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo bi àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì léèrè títí ó fi sú wọn, mo sì ka ohun tí ọwọ́ mi tẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín kan wà nínú ara wa tí iṣẹ́ wọn ni láti máa gbé ìròyìn láti awọ ara lọ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ó sì ti ibẹ̀ dé ọpọlọ. Nínú gbogbo wọn, àwọn tí ó lọ sí ẹsẹ̀ ni ó gùn jù lọ. Bí ṣúgà bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún mélòó kan, yóò ba àwọn fọ́nrán wọ̀nyí jẹ́, yóò sì ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí ó ń bọ́ wọn jẹ́ pẹ̀lú. Èyí tí ó gùn jù ni ó kọ́kọ́ ń fara gbá a, láti ṣóńṣó rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó kọ́kọ́ ń jó, tí ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ gan-an ni àwọn oníṣègùn fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé wọn. Ìyá mi, tí kò mọ̀ ọ́n kọ, tí kò mọ̀ ọ́n kà, ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ kí bíríkì tó jó o, kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Fọ́nrán tí ó ń bàjẹ́ a máa purọ́. Yóò máa ké "iná, iná" níbi tí iná kò sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kú tán, kò ní lè sọ ohunkóhun mọ́, ì báà jẹ́ pé iná ń jó ẹsẹ̀ náà ní tòótọ́. Ẹsẹ̀ ìyá mi wà láàárín ìpele méjèèjì yìí: ibì kan ń purọ́, ibì kan ti yadi.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí akẹgbẹ́ mi fi etí sí. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀, ó mú ẹ̀rí àwọn tí wọ́n lo àgbo fún ẹsẹ̀ jíjó wá, tí wọ́n ní lẹ́yìn oṣù díẹ̀ iná náà kú. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Mo ń bèèrè pé: ṣé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn tí iná kú, láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń mọ nǹkan lára? Bí ẹni tí ó ń ké nínú ilé bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé ara tù ú. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti kú. Oníṣòwò oògùn tí ó bá ń ka ìdákẹ́jẹ́ ẹsẹ̀ sí ìwòsàn lè máa gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tí yóò gé ẹsẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀, kí òun pẹ̀lú má sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ gbólóhùn náà wò fúnra rẹ̀, pé ohun tí ó ti inú ilẹ̀ wá kò lè pani lára. Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun (1935–1995), ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Ó rí i pé ní àgbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú, àwọn ènìyàn kan wà tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń jó, tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú àti etí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń kú lọ. Kí ni wọ́n ń jẹ? Oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láìsí ẹja tàbí ẹran tí ó tó nǹkan pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1968 ó tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Brain, ó sì tọ́ka sí májèlé cyanide tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Ní 2000, àwọn olùwádìí tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde láti Òṣósà ní Ìjẹ̀bú: nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 tí wọ́n yẹ̀ wò ni ó ṣì ní àìsàn náà. Àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn bóyá cyanide nìkan ni ó fà á, ìjiyàn náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn òyìnbó nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. (Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ẹ̀gẹ́ tí à ń pè ní ti ilẹ̀ wa gan-an, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ìhà gúúsù ni àwọn Potogí ti kó o wá sí Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ata, láti Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ kìkì ohun ìbílẹ̀, kí ó yẹ àwo ọbẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa.)

Ògógóró ńkọ́? Ọtí fúnra rẹ̀ a máa ba fọ́nrán ẹsẹ̀ jẹ́ lára ẹni tí ó bá ń mu ún púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èmi kò rí ọgbọ́n tí ó wà nínú kí ẹni tí fọ́nrán ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ máa mu egbò inú ọtí ní àárọ̀ àti alẹ́. Ẹ sì rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Ojú àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, orí ń fọ́ wọn, ó sì ju ẹni mẹ́wàá lọ tí wọ́n kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ariwo gba ìlú pé òrìṣà Málòkun ni ó ń bínú. Nígbà tí àyẹ̀wò dé, methanol ni wọ́n bá, láti inú ògógóró. Bí àwọn oníṣègùn kò bá wọn ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà, Málòkun ni ìbá ru ẹ̀bi ọtí títí di òní, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ìyá mi ti ń ru ẹ̀bi ṣúgà.

Òótọ́ kan wà lẹ́nu akẹgbẹ́ mi, n kò ní fi dù ú. Oògùn òyìnbó lè ba ẹsẹ̀ jẹ́. Isoniazid, tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, a máa ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń gba fítámì B6 mọ́ ara lọ́wọ́. Metformin, tí ìyá mi ń lò báyìí, lè dín fítámì B12 kù bí a bá lò ó pẹ́. B6 fúnra rẹ̀, bí a bá gbé e mì lápọ̀jù fún oṣù púpọ̀, a máa ba fọ́nrán kan náà jẹ́ tí a ní kí ó tún ṣe. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe mọ gbogbo èyí? Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kà á, wọ́n tẹ ibi tí ó wà nínú oògùn tiwọn jáde kí gbogbo ayé lè rí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi B6 díẹ̀ ti isoniazid lẹ́yìn. Ta ni ó kọ ibi tí ó wà nínú egbò inú ògógóró sílẹ̀ fún ìyá mi? Àní, ike ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń polówó ní gáréèjì ní àkọlé wínníwínní kan lára tí ó sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ àwọn ìlérí wọ̀nyí wò. Ẹni tí ó ń kígbe ogójì àrùn tí oògùn rẹ̀ ń wò kì í ka ìlà yẹn sókè.

Bí igbó bá sì ní ìrànlọ́wọ́ fún ẹsẹ̀ jíjó, ó ní in. Láti ara ewéko kan tí àwọn ará Yúróòpù ń lò fún àtọ̀gbẹ láyé àtijọ́ ni wọ́n ti tọ ipa metformin dé. Ohun tí ó ń mú ata ta, tí wọ́n ń pè ní capsaicin, ni wọ́n ti sọ di oògùn tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ: ní 2020, ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí i fún ẹsẹ̀ tí àtọ̀gbẹ ń jó. Ìdá 8 nínú 100 ni agbára rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ó ń lò lórí ẹsẹ̀, oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó tún un lẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera ni ó sì ń lẹ̀ ẹ́. Ẹ má lọ gún ata rodo mọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nítorí ohun tí mo kọ yìí! Ìwọ̀n ni ó sọ ata di oògùn. Ewúro pàápàá, àwọn onímọ̀ wa ti wò ó lára eku, wọ́n sì rí i pé ó ń dín ṣúgà kù. Ìdí nìyẹn gan-an tí ẹni tí ó ń lo oògùn ṣúgà kò fi gbọ́dọ̀ máa mu omi rẹ̀ ní ife-ife láìsọ fún dókítà, kí ṣúgà má baà já wálẹ̀ kí ó sì dákú.

Ní ti ìyá mi, ohun tí ó ń tù ú lára báyìí kò ní ariwo nínú. Ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ń lo amitriptyline díẹ̀ ní alẹ́, oògùn tí kò wọ́n. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó fi ń fọ ẹsẹ̀, àbúrò mi ni ó sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi náà wò kí ó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Òrí ń bẹ níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, lórí àtẹ́lẹsẹ̀, kì í ṣe ní àárín ọmọ ìka. Kì í rìn láìwọ bàtà mọ́, nínú ilé pàápàá. Iná náà kò kú tán, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ó sùn.

Mo ti bá oníṣòwò oògùn wí, mo ti bá ilé ìwòsàn wí. Ó ku àwa tí a wà ní ẹ̀ka Yorùbá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ foríjì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "iṣan", ni à ń lò fún òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, fún okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun, àti fún fọ́nrán tí ń gbé ìmọ̀lára. Nígbà tí oníṣòwò náà sọ fún ìyá mi pé òtútù mú iṣan rẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣòro nínú rẹ̀ láti gbà gbọ́, nítorí pé iṣan tí ó ki tí ó sì le, tí a lè fi ooru nà, ni ìyá mi ń fojú inú rí. Ní 1984 ni apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, a sì ti ti ara irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí orúkọ fún fóníìmù àti mọ́fíìmù. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò ní fóníìmù tí ń dùn ún.

Ẹ sì wo ọrọ̀ tí a ní nílẹ̀: jíjó, títa, gígún, ríro, yíyún, kíkú, pajápajá, èèrùn tí ń rìn, ìbọ̀sẹ̀ tí a kò wọ̀. Ẹsẹ̀ tí ń ro ni kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ń jó. Ẹsẹ̀ tí ó kú kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ó rẹ̀. Dókítà tí ó bá mọ ìyàtọ̀ wọn ti mọ ìdajì àìsàn náà kí ó tó fi ọwọ́ kan aláìsàn. Lọ́dọọdún ni a ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí ọfọ̀ àti oríkì. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa gbé ìwé lọ bá àwọn ìyá arúgbó kí ó lọ gba ọ̀rọ̀ ìrora sílẹ̀, bí wọ́n ti ń wí i láti ìlú dé ìlú, kí a sì kó o fún àwọn tí ń kọ káàdì nílé ìwòsàn. Mo ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí èmi fi ṣe tèmi.

Ohun kan tún wà tí kò gba owó, tí olùkọ́ èyíkéyìí lè ṣe nílé rẹ̀ ní ìsinmi yìí. Kí ẹni tí a fẹ́ yẹ̀ wò pa ojú dé. Fi orí ìka ọwọ́ rẹ kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni kan ẹyin, fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Má tẹ̀ ẹ́, má rìn ín. Kí o sì kan ọmọ ìka àárín àti èyí tí ó kéré jù. Ṣe ẹsẹ̀ kejì bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Bí kò bá mọ ìgbà tí o kan méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn, mú un lọ kí wọ́n lọ wọn ṣúgà rẹ̀, má sì jẹ́ kí ó sún mọ́ bíríkì.

Bí akẹgbẹ́ mi bá ní èsì, ojú ewé yìí ṣí sílẹ̀ fún un ní ìtẹ̀jáde tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ orúkọ ewé náà, kí ó kọ ìwọ̀n rẹ̀, kí ó kọ iye ọjọ́ tí aláìsàn yóò fi lò ó, kí ó sì sọ ẹni tí ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ aláìsàn náà nígbà tí iná kú.